Igi Kan, Orúkọ Méjì: Ìtàn Igbó Brigalow ní Ilẹ̀ Queensland

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn kan ṣe ń bá ilẹ̀ wọn gbé, kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí orúkọ tí wọ́n fi ń pe igbó. Nínú èdè tiwa, ẹgàn kì í ṣe ọ̀dàn, bẹ́ẹ̀ ni ìjù kì í ṣe igbó etílé. Ẹgàn ni igbó tí àdá kò tíì kàn. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ jìnnà síra. Ìjù ni ibi tí ó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ni ó máa ń dé ibẹ̀. Bí bàbá kan bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹgàn ni òun fẹ́ dá oko sí lọ́dún yìí, ọmọ ti mọ iye iṣẹ́ tí ó wà níwájú kí ó tó gbé àdá. Orúkọ náà sọ ohun tí igbó jẹ́. Kò sọ bóyá a fẹ́ràn rẹ̀ tàbí a kórìíra rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Queensland, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Igi kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní brigalow. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ tí àwọn ọlọ́sìn màlúù àti àgùntàn fún igbó igi yìí jẹ́ orúkọ ohun àìwúlò, ohun tí ó gba ààyè mọ́ koríko lọ́wọ́. Nínú òfin ìjọba lóde òní, igbó yẹn kan náà ni ó ń jẹ́ ewéko ìbílẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Igi kò yí padà, amọ̀ tí ó hù sí kò yí padà. Orúkọ ni ó yí. Ohun tí ó sì mú kí n fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ni pé ẹnì kan náà ni ó fún igi yìí ní orúkọ méjèèjì, inú irú ìwé kan náà ni ó sì kọ wọ́n sí: ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí àwọn lọ́yà ń pè ní líìsì.

Brigalow kì í ṣe igi ńlá. Ìbátan igi akéṣíà ni. Ewé rẹ̀ ń dán bí fàdákà díẹ̀, ilẹ̀ amọ̀ tí ó wúwo ni ó sì fẹ́ràn jù. Lábẹ́ igbó rẹ̀, ilẹ̀ a máa rí kòtò-kòtò, omi òjò a sì máa dúró sínú àwọn kòtò náà fún ìgbà pípẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fún ilẹ̀ lọ́ràá, èyí sì ni ìdí tí ojú fi wọ ilẹ̀ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ilẹ̀ tí brigalow bá hù sí, ilẹ̀ dáradára ni. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé igi náà kò gbà láti kú. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ ọmọ ní ìdí ìyá rẹ̀ yóò lóye ohun tí mò ń wí. Bí a bá gé brigalow kan, gbòǹgbò rẹ̀ tí ó nà lábẹ́ ilẹ̀ a yọ ọmọ káàkiri, igbó tí ó sì padà wá a di ju èyí tí a gé lọ.

Ludwig Leichhardt, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó gbéra ní Jimbour ní oṣù kẹwàá ọdún 1844, tí ó sì dé Port Essington ní etíkun àríwá ní oṣù Kejìlá ọdún 1845, la àárín igbó yìí kọjá. Ó ráhùn nípa rẹ̀ gidigidi nínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀: ẹṣin kò rí ọ̀nà gbà, igi gbígbẹ tí ó ṣubú dí ojú ọ̀nà, aṣọ ya. Ṣùgbọ́n ó tún kọ nípa pápá koríko tí ó tẹ́jú, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń fi iná sun koríko ní àkókò tí ó yẹ. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ hùwà bí ẹni pé ilẹ̀ náà kò ní olówó. Igbó àti pápá tí Leichhardt rí, ọwọ́ ènìyàn wà nínú bí wọ́n ṣe rí.

Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn darandaran aláwọ̀ funfun. Wọ́n da àgùntàn àti màlúù wọn wọ àfonífojì odò Dawson láàárín ọdún díẹ̀. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi orúkọ Hornet Bank sọ́kàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1857, àwọn ará Yiman, tí wọ́n ni ilẹ̀ apá ibẹ̀, kọlu ilé ìdílé Fraser ní Hornet Bank, wọ́n sì pa ènìyàn mọ́kànlá. Ẹ̀san tí àwọn aláwọ̀ funfun àti ọlọ́pàá agẹṣin gbà lára wọn lẹ́yìn náà pọ̀ ju ìyẹn lọ lọ́nà púpọ̀, ó sì gba oṣù lórí oṣù, débi pé ọ̀pọ̀ ìwé ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìran Yiman ti run tán. Wọn kò run. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà jẹ́wọ́ pé àwọn ọmọ wọn, tí a ń pè ní Iman lónìí, ní ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ sí apá kan ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń kọ líìsì àkọ́kọ́ lórí àfonífojì náà, orúkọ wọn kò sí nínú rẹ̀, àní gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Kí ni líìsì yìí gan-an? Nígbà tí Queensland yapa kúrò lára New South Wales ní ọdún 1859, gbogbo ilẹ̀ tí ìjọba kò tíì tà ni a kà sí ilẹ̀ Adé, èyí ni pé ti ọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìjọba tuntun náà kò lówó lọ́wọ́. Ilẹ̀ nìkan ni ó ní. Nítorí náà ó ń yá ilẹ̀ fún àwọn ọlọ́sìn fún iye ọdún kan, wọ́n sì ń san owó lọ́dọọdún. Bí ayálégbé ṣe wà nínú ilé onílé, bẹ́ẹ̀ ni ayálẹ̀lò wà lórí ilẹ̀ Adé. Ọ̀pọ̀ ìran ni ó ti kọjá, síbẹ̀ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ ìjẹko Queensland ṣì wà lábẹ́ irú àdéhùn yìí. Ọmọ ti bá bàbá, ọmọ-ọmọ ti bá bàbá àgbà. Ibojì wà lẹ́yìn ilé. Síbẹ̀ ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Kí àwa náà má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni: láti ìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1978, tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, àwa náà ti súnmọ́ ipò ayálẹ̀lò ju bí a ṣe máa ń fẹ́ gbà lọ.

Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣàì rántí ìṣákọ́lẹ̀. Nígbà tí kòkó gbòde ní ilẹ̀ Ifẹ̀ àti Oǹdó, àlejò tí ó bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbin obì tàbí kòkó, àfi kí ó gba àṣẹ. Ọ̀pẹ tí ó bá lórí ilẹ̀ náà, ti onílẹ̀ ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: igi tí ń pẹ́ láyé ni ẹ̀rí. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé iwájú àwọn àgbà ní abúlé wa, ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ kí ohunkóhun mìíràn tó tẹ̀ lé e ni pé, ta ni ó gbin obì yẹn?

Ní Queensland, ìdàkejì rẹ̀ ni òfin gbé kalẹ̀. Ohun tí ó ń fi hàn pé ayálẹ̀lò mú ilẹ̀ ní òkúnkúndùn ni igi tí ó pa. Ọgbà tí ó ṣe, kànga tí ó gbẹ́, igbó tí ó ṣán, gbogbo rẹ̀ ni òfin kà pọ̀ mọ́ àtúnṣe ilẹ̀, ó sì lè gba owó rẹ̀ bí líìsì bá parí. Lọ́dọ̀ tiwa, gbígbin igi ni ó lè sọ àlejò di onílẹ̀, nítorí náà ni a ṣe ń ṣọ́ ọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, gígé igi ni. N kò rò pé a lè lóye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí brigalow láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe pé àwọn ọlọ́sìn kórìíra igi láti inú oyún wá. Àdéhùn tí wọ́n tẹ̀ ní òǹtẹ̀ ni ó kọ́ wọn.

Àáké ni ohun èlò àkọ́kọ́. Wọn kì í gé igi lulẹ̀ tán. Wọn a bó èèpo rẹ̀ yíká ìdí, igi a sì kú lóòró. Iṣẹ́ yìí rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tàn kálẹ̀ débi pé ní ọdún 1881 New South Wales ṣe òfin pé ayálẹ̀lò kò gbọdọ̀ bó èèpo igi lórí ilẹ̀ Adé láìgba àṣẹ. Ẹ kíyèsí i pé ìfẹ́ ẹyẹ àti ewéko kọ́ ni ó bí òfin náà. Onílẹ̀ ni ó fẹ́ mọ ohun tí ayálégbé ń ṣe nínú ilé òun.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí ó yani lẹ́nu jáde. Ọ̀dá ńlá kan ti sọ àwọn ọlọ́sìn ìwọ̀-oòrùn New South Wales di aláìní, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kan kalẹ̀ tí ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1901. Nínú àwọn ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ pé ó ba ilẹ̀ jẹ́, a rí òjò tí kò tó, ehoro, iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé, àgùntàn tí ó pọ̀ ju koríko lọ, àti igbó tí ẹran kò lè jẹ tí ó ń tàn kálẹ̀. Ohun tí ó kẹ́yìn yìí, láti ara èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ti wá. Nígbà tí àgùntàn bá ti jẹ koríko tán, iná kò rí ohun jó mọ́. Nígbà tí iná kò bá jó mọ́, èéhù igi tí iná ìbá ti pa a wà láàyè, a sì dàgbà. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí ń sun koríko ni a ti lé kúrò. Ẹni tí ń ké pé igbó ń lé òun ni ó ti kọ́kọ́ fi ẹran rẹ̀ pe igbó wọlé. Ìmọ̀ yìí ti wà nínú ìwé ìjọba láti ọdún 1901, ó sì jọ mí lójú pé ó gba ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe bí ẹni tí ó kà á.

Ti ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní prickly pear kò ní gba àyè púpọ̀ lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ó sì ti gba nǹkan bí mílíọ̀nù 24 hẹ́kítà ní Queensland àti New South Wales ní àwọn ọdún 1920, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní agbègbè brigalow. Àfòpiná kan tí wọ́n kó wá láti Ajẹntínà ní ọdún 1925 ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ìdin rẹ̀ jẹ ẹ́ láti inú. Láàárín ọdún mẹ́jọ, ilẹ̀ ti là. Àwọn ará Boonarga fi orúkọ kòkòrò náà sọ gbọ̀ngàn ìlú wọn ní ọdún 1936. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ìjọba àti àwọn ọlọ́sìn rí kọ́: pé kò sí igbó tí a kò lè ṣẹ́gun bí a bá rí ohun ìjà tí ó tọ́.

Ohun ìjà ti brigalow dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Katakata méjì yóò tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn a jìnnà síra, wọn a sì fa ẹ̀wọ̀n irin ńlá kan láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni igbó ń wó. Wọn a fi igi tí ó wó sílẹ̀ kí ó gbẹ, wọn a ti iná bọ̀ ọ́, ọkọ̀ òfuurufú a sì fọ́n irúgbìn koríko sórí eérú. Bí ọmọ igi bá tún yọ, ọkọ̀ òfuurufú a padà wá fọ́n oògùn apagi. Ní ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ àti ti Queensland fi ọwọ́ sí àdéhùn láti sọ ilẹ̀ brigalow tí ó wà ní agbègbè odò Fitzroy di ilẹ̀ màlúù. Nígbà tí ètò náà yóò fi parí, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ hẹ́kítà ni ó kàn. Ẹ fi ojú inú wò ó: bí a bá kó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì pọ̀, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìbò ni wọ́n fi pín ilẹ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní bàbá olówó fi orúkọ sílẹ̀, ó jẹ ìbò, ó gba líìsì, ó sì gba owó yíyá lọ́wọ́ ìjọba. Lára ohun tí àdéhùn rẹ̀ béèrè ni pé kí ó ṣán igbó kí ilẹ̀ lè mú èso jáde. Kò sí yíyàn fún un. Ọ̀pọ̀ ìdílé gbé inú àtíbàbà ní ọdún àkọ́kọ́, nínú eruku àti èéfín, láìsí ojú ọ̀nà gidi. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ igbó tí ó parun, n kò fẹ́ kí a gbàgbé wọn. Ohun tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe, wọ́n sì ṣe é yanjú.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gégi nígbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Àgbà kan wà nídìí ètò yìí, a gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́: ní ọdún 1965, kí igbó tó tán, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ya àwọn agbègbè ìṣàn-omi mẹ́ta sọ́tọ̀ nítòsí ìlú Theodore. Wọ́n fi ọdún mẹ́tàdínlógún wọn omi òjò tí ń ṣàn kúrò lórí wọn nígbà tí igbó ṣì wà. Ní ọdún 1982 ni wọ́n tó wó igbó orí méjì nínú wọn, wọ́n sọ ọ̀kan di oko ọkà, èkejì di pápá ìjẹko, wọ́n sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Omi tí ń ṣàn lọ lórí méjì tí a ṣán di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Inú odò Fitzroy ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń lọ, pẹ̀lú ilẹ̀ tí ó bá gbé, odò náà sì ń tú sínú òkun ní ibi tí ìyùn ńlá etíkun Queensland wà. Ibi tí igi yóò wó sí kọjá inú igbó.

Nípa ti ẹranko, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan péré. Irú ẹranko kan wà tí ó jọ kangarú ṣùgbọ́n tí ó kéré sí i púpọ̀. Ìlà funfun kan gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ lọ sí èjìká bí okùn ìjánu, ìkángun ìrù rẹ̀ sì ní ohun kan bí èékánná. Àwọn onímọ̀ ti gbà pé ó ti parun. Ní ọdún 1973, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọgbà ṣíṣe fún àwọn ọlọ́sìn ka ìwé ìròyìn kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹranko tí ó ti parun ní Ọsirélíà. Ó rí àwòrán, ó sì mọ̀ pé òun ń rí ẹranko yìí lẹ́nu iṣẹ́ òun nítòsí ìlú Dingo. Àwọn onímọ̀ lọ wò ó, òótọ́ ni. Ní ààlà brigalow àti koríko ni ó ń gbé, àní nínú brigalow tí ó ti tún hù lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e. Ìjọba ra ilẹ̀ ìjẹko Taunton níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé alágbàṣe tí ń gbé igi ọgbà ni ojú rẹ̀ là, àti nítorí pé inú igbó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní pàǹtí ni ẹranko náà sá pamọ́ sí. Odídẹrẹ́ ẹlẹ́wà kan tí wọ́n ń pè ní paradise parrot kò rí irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1927 ni a rí i gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1990, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá igbó brigalow ti lọ. Ní àkókò yẹn ni onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí ohùn padà. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà dájọ́ nínú ẹjọ́ àwọn Wik ní oṣù Kejìlá ọdún 1996 pé líìsì ìjẹko kò fi dandan pa ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ rẹ́. Méjèèjì lè jọ wà lórí ilẹ̀ kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá forí gbárí, ti ayálẹ̀lò ni yóò borí. Àdájọ́ mẹ́rin fara mọ́ ọn, mẹ́ta kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rù ba àwọn ọlọ́sìn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan yóò sọ fún wọn ní gbangba pé ohun tí ó wà nínú ìwé wọn kéré sí ohun tí wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Queensland ṣe òfin ìṣàkóso ewéko ti ọdún 1999. Ayálẹ̀lò ti ń gba àṣẹ kí ó tó ṣán igbó tẹ́lẹ̀. Òfin tuntun yìí nawọ́ kan àwọn tí ó ni ilẹ̀ tiwọn gan-an. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000, àwọn katakata kò sùn. Àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn pé láàárín ọdún 1999 sí 2000, ó ju 700,000 hẹ́kítà lọ tí a ṣán ní Queensland, èyí tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin tí a ṣe láti gba igbó là ni ó fa èyí. Ẹni tí a bá sọ fún pé a ó ti ilẹ̀kùn láìpẹ́, sísá ni yóò sá wọlé. Ní ọdún 2001, ìjọba àpapọ̀ fi igbó brigalow sínú ìwé àwọn ohun tí ó wà nínú ewu ìparun. Ní ọdún 2004, ìjọba Peter Beattie pinnu pé ṣíṣán igbó ìbílẹ̀ rẹpẹtẹ yóò dópin ní ìparí ọdún 2006. Wọ́n fi ìbò pín 500,000 hẹ́kítà ìkẹyìn tí a lè ṣán, wọ́n sì ya mílíọ̀nù 150 dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Ìbò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ìbò náà ni wọ́n fi parí.

Ohun kan tún wà nínú ìbínú àwọn ọlọ́sìn tí n kò lè fi ẹ̀sùn kàn wọ́n lé lórí. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ń ṣe àdéhùn Kyoto lórí ojú-ọjọ́ ní ọdún 1997, Ọsirélíà rí i dájú pé èéfín igi tí a ń ṣán wà nínú ìṣirò ọdún 1990 tí a ó fi wọn ìlọsíwájú rẹ̀. Ní ọdún 1990, igi tí wọ́n ń ṣán pọ̀ gan-an. Nítorí náà, bí ìṣánlẹ̀ ṣe ń dín kù, orílẹ̀-èdè náà rí èrè nínú ìṣirò yẹn, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná àti ọkọ̀ ní ìlú ńlá yí ìṣe wọn padà púpọ̀. Àwọn ọlọ́sìn ní igi àwọn ni a fi san gbèsè ará Brisbane àti Sydney. Èrò tèmi ni pé ìjọba ṣe ohun tí ó tọ́ nígbà tí ó dá ẹ̀wọ̀n irin náà dúró, ó sì ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ tí ó ní kí ayálégbé wó ògiri, tí ó padà wá ní kí ó má fọwọ́ kan ògiri mọ́, kò lè ṣe bí ẹni pé ayálégbé náà ni ó fi ìwà ọ̀bàyéjẹ́ wó o. Ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó kéré tán gbèsè òtítọ́. Kí ó sì tó dé orí ayálẹ̀lò, gbèsè mìíràn ti wà tí ó dàgbà jù ú lọ, ti àwọn tí orúkọ wọn kò sí nínú líìsì àkọ́kọ́.

Òfin náà kò dúró sójú kan. Ìjọba Campbell Newman tú u sílẹ̀ díẹ̀ ní ọdún 2013. Ìjọba Annastacia Palaszczuk tún un dì ní 2018. Gbogbo ìyípadà yìí dá lórí ìbéèrè kan: igi wo ni ó jẹ́ igbó? Ìdáhùn Queensland jẹ́ ti oníṣirò. Bí orí igi bá bo ju ìdajì ohun tí ó yẹ kí ó bò bí a kò bá fọwọ́ kàn án, tí gíga rẹ̀ sì ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún gíga tí ó yẹ kí ó ní, ìṣẹ́kù igbó ni, òfin sì gbà á. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, àtúnhù ni, a sì lè ṣán púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe lọ́kàn ọlọ́sìn. Brigalow rẹ̀ tún ń hù, bí ó ṣe máa ń ṣe. Bí ó bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, yóò di ti òfin. Nítorí náà ó tètè ṣán an, kì í ṣe pé ó nílò koríko ibẹ̀ lọ́dún yìí, bí kò ṣe pé ó ń bẹ̀rù ọdún tí ń bọ̀. Láti 2018, àtúnhù tí a kò bá ti ṣán fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè bọ́ sábẹ́ ààbò bí ó bá wà lára èyí tí ìjọba kà sí pàtàkì. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí ti di ohun tí ọlọ́sìn ń kà bí ẹni ń ka ọjọ́ gbèsè.

Àwọn igbó kan wà tí òfin fi àyè sílẹ̀ fún. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, igi mulga ni oúnjẹ ọ̀dá. Bí koríko bá tán, ọlọ́sìn a fi katakata ti mulga lulẹ̀ kí àgùntàn àti màlúù lè jẹ ewé rẹ̀, àwọn ìran mìíràn sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Òfin gbà fún un, bí ó bá fi apá kan sílẹ̀ ní òró. Bẹ́ẹ̀ náà ni igbó tí ó bá di ju bí ó ti yẹ lọ: a lè dín in kù pẹ̀lú àṣẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bí ó ti yẹ? Bill Burrows, onímọ̀ kan tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn igi lórí ilẹ̀ ìjẹko, gbà pé igi ń pọ̀ sí i ní tòótọ́. Rod Fensham, tí ó ka ìwé Leichhardt àti ti àwọn arìnrìnàjò mìíràn bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀rí, tí ó sì wo àwòrán tí a yà láti òfuurufú láyé ìgbà kan, ní ọ̀dá máa ń pa igi lọ́pọ̀ yanturu láàárín ọdún díẹ̀, ohun tí ọlọ́sìn sì rí bí igbó tí ń dì lè jẹ́ igbó tí ń padà bọ̀ sípò. Ẹni tí ó dé lẹ́yìn ọ̀dá ńlá yóò gbà pé ilẹ̀ gbalasa ni ilẹ̀ náà láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ rí ni yóò máa pè ní òtítọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa koríko. Èyí tí wọ́n fọ́n sórí eérú brigalow, buffel ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ Áfíríkà tiwa àti Éṣíà sì ni ó ti wá. Màlúù fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀dá kò pa á. Àmọ́ kò dúró sí pápá. Ó ń wọ inú ìṣẹ́kù igbó láti etí, bí ó bá sì gbẹ, iná rẹ̀ gbóná ju ohun tí brigalow lè fara dà, ọdún kan sí èkejì igbó a máa fà sẹ́yìn, koríko a sì máa tẹ̀ lé e. Òfin tí ó dá katakata dúró kò lè dá koríko dúró. Nínú àwọn ọgbà ìpamọ́ kan ní àárín gbùngbùn Queensland, níbi tí a ti kó màlúù kúrò kí igbó lè sinmi, àwọn olùtọ́jú ti dán an wò láti dá màlúù padà fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n jẹ buffel kúrò ní ìdí brigalow kí àkókò iná tó dé.